Bí Ọmọdé Bá Ní Aṣọ Bí Àgbà, Kò Lè Ní Àkísà Bí Àgbà: Òwe Nípa Ìrírí Lẹ́nu Iṣẹ́

Òwe yìí wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ máa ń dé ẹnu àwọn ọmọ ilé-ìwé wa nígbà tí a bá ní kí wọ́n pa òwe kan. Wọ́n mọ̀ ọ́n pa dáadáa. Ṣùgbọ́n bí a bá bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń sọ ni pé “ó túmọ̀ sí pé kí ọmọdé máa bọ̀wọ̀ fún àgbà.” Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òun kọ́ ni kókó òwe náà. Ìrírí ni òwe náà ń sọ, pàápàá irú ìrírí tí ènìyàn fi ń yanjú ìṣòro lẹ́nu iṣẹ́, tí ó sì fi ń ṣe olórí àwọn mìíràn. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ tú u wò.

Àwọn ọ̀rọ̀ inú òwe náà

“Aṣọ” kò ṣòro. Àkísà ni aṣọ tí ó ti gbó, tí ó ti fà ya, tí a kò lè wọ̀ jáde mọ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí a máa rò pé òwe náà ń fi àkísà ṣe ẹlẹ́yà. Rárá o. Nínú ilé àwọn baba wa, a kì í sọ àkísà nù. Àkísà ni a fi ń ká òṣùká tí a ó fi ru igi tàbí omi. Òun ni a fi ń di ìkòkò gbígbóná mú kúrò lórí iná. Òun ni a fi ń nu àtùpà, tí a fi ń dí ojú ihò. Ilé tí kò bá ní àkísà rárá, iṣẹ́ ilé náà kò ní rọrùn.

Ẹ wá wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Ọmọdé tí baba rẹ̀ lówó lè wọ ọjà lónìí kí ó ra aṣọ 20 lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ọjà tí yóò ti rí àkísà 20 rà. Wíwọ̀ ni í sọ aṣọ di àkísà: òjò ni, oòrùn ni, fífọ̀ ni, ẹ̀gún oko ni, ẹ̀ta iná ìdáná ni. Bákan náà, aṣọ tí a tì mọ́ inú àpótí fún ọdún 30 kò di àkísà. Ó kàn pẹ́ ni. Kòkòrò lè jẹ ẹ́, àwọ̀ rẹ̀ lè ṣá, síbẹ̀ kò rí oko, kò rí odò. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fi ìka sí. Òwe náà kò sọ pé ọdún àgbà pọ̀ ju ti ọmọdé lọ; ta ni kò mọ ìyẹn? Àkísà ni ó sọ pé àgbà ní.

Ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ohun tí àkísà dúró fún ni “ìrírí”, láti ara ọ̀rọ̀ ìṣe “rí” ni a sì ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Ohun tí ojú ti rí ni. Ẹni tí ó jókòó síbi iṣẹ́ fún ọdún 30 láì ya ojú rẹ̀ sí ohunkóhun, a lè sọ pé ó pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí a tó pè é ní onírìírí, ó yẹ kí a rò ó dáadáa.

Ẹni tí ó lè pa á

Àgbà ni í pa òwe yìí fún ọmọdé. Bí ọmọdé bá fẹ́ pa á lójú àgbà, bí àpẹẹrẹ nígbà tí ó bá ń gbé ọ̀gá rẹ̀ lárugẹ, ó gbọ́dọ̀ fi “tótó, ó ṣe bí òwe” síwájú tàbí sẹ́yìn rẹ̀, àwọn àgbà a sì dá a lóhùn pé “wà á pa òmíràn.” Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò mọ èyí mọ́, ẹ̀yin òbí ni ẹ lè dá a padà sí wọn lẹ́nu.

Nídìí ìkòkò aró

Bí a bá fẹ́ rí bí òwe yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ ni kí a kọ́kọ́ yà sí, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn baba àti ìyá wa ti kó àkísà wọn jọ. Mo yan iṣẹ́ aró. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta àti Òṣogbo ni ó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀, pàápàá nípa aṣọ àdìrẹ.

Ewé èlú ni wọ́n fi ń ṣe aró láyé àtijọ́. Wọ́n á gún ewé náà ní tútù nínú odó, wọ́n á ṣù ú róbótó-róbótó, wọ́n á sì sá a títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á da eérú igi sínú ìkòkò tí wọ́n lu ihò sí nídìí, wọ́n á bu omi lé e lórí, omi náà á máa kán sínú ìkòkò mìíràn nísàlẹ̀. Omi eérú yìí ni wọ́n ń dà sórí èlú nínú ìkòkò aró. Wọ́n á bò ó, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó kan.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ wà. Kò sí ohun tí a kọ sára ìkòkò pé “mo ti tó rẹ aṣọ.” Èlú ọdún yìí lè má lágbára tó ti èṣí. Eérú igi kan le ju ti òmíràn lọ. Òjò lè rọ̀ kí ilẹ̀ tutù, kí aró má tètè kan. Ìyá aláró á ṣí ìkòkò, á gbóòórùn rẹ̀, á wo ojú rẹ̀, á fi díẹ̀ kan ahọ́n. Láti inú èyí ni yóò ti mọ̀ bóyá kí ó fi omi eérú kún un, bóyá kí ó fi èlú sí i, tàbí kí ó kàn dé e padà kí ó dúró di ọ̀la. Ọmọ tí kò mọ iṣẹ́ náà á ti aṣọ bọ inú ìkòkò, bí ó bá fà á jáde tí ó rí i pé àwọ̀ ewé ni aṣọ náà ní, ẹ̀rù á bà á, á rò pé aró ti bàjẹ́. Ìyá aláró kò ní mi rárá, nítorí ó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ọ́ di aró dúdú bí ó bá ti ń fẹ́ sí i. Ọ̀kan mọ ìgbà tí nǹkan bàjẹ́, ó sì mọ ìgbà tí kò bàjẹ́. Mo gbà pé ìkejì yìí ni ó ṣòroó kọ́ jù, òun náà sì ni a nílò jù lọ lára olórí.

Lónìí, ọ̀pọ̀ aláró ti ń lo aró òyìnbó àti sódà, tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ láàárín wákàtí díẹ̀. Èyí kò sọ pé ìrírí kò wúlò mọ́ o. Sódà tí ó bá pọ̀ jù á ba aṣọ jẹ́, á sì bó èèyàn lọ́wọ́.

Ohun tí ó wà nídìí ìkòkò aró náà ni ó wà lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ àti lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì. Ọmọ iṣẹ́ tuntun á máa fẹ́ ewìrì, á máa gbálẹ̀, á máa na irinṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Àwọn òbí máa ń bínú sí èyí pé a kò tíì kọ́ ọmọ àwọn ní nǹkan kan. Àsìkò yìí gan-an ni ojú àti etí ọmọ náà ń kọ́ orúkọ irinṣẹ́, àwọ̀ irin tí ó ti gbóná tó, àti ìyàtọ̀ láàárín ariwo ẹ́ńjìnnì tó ń ṣàìsàn àti èyí tí ara rẹ̀ dá. (Ọ̀gá tí ó bá fi ọdún mẹ́ta rán ọmọ lọ fọ abọ́ àti lọ gbé ọmọ ìyàwó rẹ̀ pọ̀n, ìyẹn kò kọ́ ọmọ níṣẹ́. Ó sọ ọmọ ọlọ́mọ di ọmọ ọ̀dọ̀ ni.)

Ọ̀rọ̀ Dókítà Adadevoh

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ odó àti ewìrì nìkan ni èyí, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Obalende, ní ìlú Èkó, ní ọdún 2014. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ni orúkọ obìnrin náà. Ọmọ ọ̀jọ̀gbọ́n oníṣègùn ni, ọ̀kan nínú àwọn àtọmọdọ́mọ Herbert Macaulay sì ni. Ọdún 1956 ni wọ́n bí i. Ní ọdún 2014, ó ti lo ọdún 21 ní ilé ìwòsàn First Consultants, òun sì ni olórí àwọn oníṣègùn àgbà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 20, oṣù Keje, arìnrìn-àjò kan dé láti Làìbéríà, ó sì ṣubú ní pápákọ̀ òfurufú. Àwọn dókítà ìjọba ń da iṣẹ́ sílẹ̀ lásìkò náà, ni wọ́n bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni yìí. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú, nítorí pé ibà ni í pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí Dókítà Adadevoh yẹ aláìsàn náà wò, ọkàn rẹ̀ kò gbà pé ibà ni. Ó fura pé Ẹ̀bólà ni. Wọ́n bi ọkùnrin náà bóyá ó ti fara kan ẹni tí ó ní àrùn náà, ó ní rárá. Dókítà náà kò tìtorí èyí jáwọ́. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó yà á sọ́tọ̀, ó ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ ìlera.

Ìṣòro kejì wá dé. Ìpàdé kan wà tí wọ́n fẹ́ kí ọkùnrin náà lọ ní Calabar, àwọn aṣojú ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì ń fúngun mọ́ ilé ìwòsàn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n ní wọ́n ti dá a dúró lọ́nà àìtọ́. Èsì àyẹ̀wò kò tíì jáde. Dókítà náà kọ̀ jálẹ̀. Ọkùnrin náà kú ní ọjọ́ 25, oṣù Keje. Àrùn náà mú dókítà fúnra rẹ̀, ó sì mú àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ 19, oṣù Kẹjọ, ọdún 2014 ni ó kú.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá mi bi àwọn ọmọ yín ní ìbéèrè yìí: ṣé Dókítà Adadevoh ti rí Ẹ̀bólà rí? Kò rí i rí. Kò sí Ẹ̀bólà ní Nàìjíríà rí kí ọkùnrin yẹn tó dé. Báwo ni a ṣe wá ní ìrírí ni ó ràn án lọ́wọ́? Ibà ni ó ti rí. Ó ti rí i lára ọmọdé, lára àgbà, lára aláboyún, fún ọ̀pọ̀ ọdún, débi pé ó mọ bí ibà ṣe ń ṣe nígbà tí òògùn bá bá a. Nígbà tí èyí kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó mọ̀ pé àlejò ni. Ọ̀rọ̀ ìyá aláró náà nìyí. Ẹ sì tún wò ó, ìmọ̀ ìwé lè jẹ́ kí dókítà ọmọdé kan fura bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti dúró níwájú àwọn alágbára kí ó sọ pé “kò ní jáde”, nígbà tí kò tíì sí èsì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ó ti dúró lórí ìdájọ́ ara rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ṣáájú ni ó lè ṣe é. “Ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà bẹ̀rù.”

Ìjọba náà ní àkísà tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ọdún 2012 ni wọ́n ti dá ibùdó pàjáwìrì kan sílẹ̀ láti gbógun ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti kọ́ bí a ṣe ń lọ láti ilé dé ilé, tí a ń wá ènìyàn rí, tí a sì ń kọ orúkọ sílẹ̀. Irú ètò yẹn, àti díẹ̀ nínú àwọn ènìyàn náà, ni wọ́n gbé wá sídìí Ẹ̀bólà. Wọ́n wá àwọn 894 tí wọ́n ti fara kan aláìsàn rí, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 21. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní gbogbo Nàìjíríà, 8 kú. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ẹ̀bólà ti kúrò ní Nàìjíríà.

Nígbà tí àgbà kò gbọ́ ti ọmọdé

Ó yẹ kí a yẹ apá kejì wò, nítorí pé òwe yìí wà lára àwọn tí àwọn ọ̀gá fi ń pa ọmọ iṣẹ́ lẹ́nu mọ́ jù. Ọmọ iṣẹ́ á ní “ẹ̀yin ọ̀gá, ó dà bí ẹni pé owó yìí kò pé,” ọ̀gá á ní “aṣọ lo ní, o ò ní àkísà.” Ọ̀rọ̀ parí! Owó náà kò sì pé.

Níbi iṣẹ́ àwọn awakọ̀ òfurufú, irú èyí ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹta, ọdún 1977, bàálù ńlá méjì forí sọ ara wọn lórí ilẹ̀ ní erékùṣù Tenerife, tí ó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Spéìn. Ọ̀kan jẹ́ ti KLM, èkejì jẹ́ ti Pan Am. Ìkùukùu bo pápákọ̀, ọ̀rọ̀ inú rédíò sì ń dí ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀gá awakọ̀ KLM jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó dàgbà jù lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ náà. Òun ni ó ń kọ́ àwọn awakọ̀ mìíràn ní irú bàálù náà. Bí ó ti ń sáré láti gbéra, ẹnjiníà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ bi í bóyá bàálù Pan Am ti kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá ní ó ti kúrò. Ẹnjiníà kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ènìyàn 583 ni ó kú.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn awakọ̀ ní ohun tuntun kan: ọ̀gá gbọ́dọ̀ béèrè, ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, kí ó sì tún un sọ bí a kò bá gbọ́. United Airlines ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà á, ní ọdún 1981. Ní ọjọ́ 19, oṣù Keje, ọdún 1989, ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn bàálù wọn kan bú gbàmù lójú òfurufú, gbogbo òróró tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ náà sì dà nù. Awakọ̀ àgbà, Alfred Haynes, kò di ọ̀gá mọ́ra. Awakọ̀ mìíràn tí í máa kọ́ni, Dennis Fitch, wà láàárín àwọn èrò. Haynes gbà kí ó wá síwájú, ó sì fi ọwọ́ ẹ́ńjìnnì méjì tó kù lé e lọ́wọ́. Àwọn mẹ́rin jọ ń fi agbára ẹ́ńjìnnì nìkan yí ọkọ̀ títí wọ́n fi dé Sioux City. Ènìyàn 296 ni ó wà nínú rẹ̀. 112 kú, 184 yè. Haynes ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé bí a bá ro ọdún tí àwọn mẹ́rin ti fi wa bàálù pọ̀, ó jẹ́ 103, kò sì sí ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ti wa bàálù tí ó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ rí. Yorùbá ti ní òwe tirẹ̀ fún èyí: “Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.” Bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní òwe àkísà, ẹ má ṣe gbàgbé láti kọ́ ọ ní èyí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Àkísà tí ń bá ènìyàn relé

Ọ̀rọ̀ kan tún kù, ó sì kan ìdí iṣẹ́ tiwa, iṣẹ́ olùkọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà a máa fẹ̀yìn tì ní ẹni 60 ọdún, tàbí lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tí ó sọ ọ́ di 65 tàbí ọdún 40 fún olùkọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ni ọdún márùn-ún yóò ṣe bí kò bá sí ọ̀dọ́ olùkọ́ kankan tí ó dúró ti àgbà náà? Nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé bá ń lọ, ó ní ìwé kan tí ó máa ń kọ láti fa iṣẹ́ lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Iye àga, iye tábìlì, kọ́kọ́rọ́ yàrá báyìí-báyìí, owó tó kù ní báńkì, gbogbo rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Aṣọ ni gbogbo ìyẹn. Òbí wo ni kò yẹ kí a fi ìwé pè bí kò ṣe kí a rìn lọ bá a nílé, oṣù wo ni àwọn ọmọ àgbẹ̀ kì í wá, kíláàsì wo ni omi ń wọ̀ bí òjò bá gba ìhà ìlà-oòrùn wá, kò sí èyí kankan nínú ìwé. Ó ń bá onítọ̀hún relé lọ ni.

Fún iṣẹ́ àṣetiléwá, kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá àgbà kan tí ó ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ó ti fẹ̀yìn tì. Kí ó má bi í ní iye ọdún tó ti lò. Kí ó bi í pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ó bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ rí, báwo ni ẹ sì ṣe tún un ṣe?” Kí ó kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ ní ojú ewé kan.

Àwọn òwe tí ó sún mọ́ ọn

“Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.” Èyí sún mọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n òye ni ó tẹnu mọ́ ju ohun tí a kó jọ lọ.

“Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.” Èyí ń sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò àti ìfojúrí, kò kan ọjọ́ orí, ọmọdé tí ó rìn jìnnà lè pa á fún àgbà tí kò kúrò nílé rí, bí ó bá ti ṣe tótó.

“Ẹni tó ṣáájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.” A ń lò ó fún ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ lára ìṣòro ẹlòmíràn, láì jẹ́ pé ó ṣẹlẹ̀ sí wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, ẹ kíyè sí i pé “Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá” kò sí lára wọn, bí ó tilẹ̀ ní aṣọ nínú. Ìrísí òde ara ni ìyẹn ń bá wí. Àwọn ọmọ a máa fi í rọ́pò òwe àkísà nínú àròkọ, wọ́n á sì pàdánù máàkì lórí rẹ̀.